Kí Ẹ Tó Dá Aṣọ Funfun fún Ọmọ Yín

Bí ènìyàn bá dúró sí ìdí afárá Pen Cinema ní Agége ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, nígbà tí àwọn agbèrò ń ké "Ìkẹjà!" "Ọgbà!" "Ìjú!" tí àwọn oníbúrẹ́dì sì ti gbé àtẹ wọn lérí, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n wọ aṣọ funfun báláú, tí wọ́n fi aago há àyà, tí wọ́n ń rọ́ wọ ọkọ̀ akérò kí wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Nínú wọn ni a ti lè rí ẹni tó fi ọdún mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún kọ́ṣẹ́, tó ṣe ìdánwò Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà, tó sì gba ìwé àṣẹ. Nínú wọn náà ni a ti lè rí ẹni tó fi oṣù mẹ́fà jókòó ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn aládàáni kan, tí wọ́n kọ́ ní abẹ́rẹ́ gígún àti bí a ṣe ń fa omi fún aláìsàn, tí wọ́n sì dá aṣọ fún. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹni tí ibà sì ti dá dùbúlẹ̀ kò ní agbára láti bi ẹni tó mú abẹ́rẹ́ dání pé níbo ló ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwa ìgbìmọ̀ olóòtú ìwé ìròyìn yìí gbé yẹ̀ wò tí a sì rí i pé kò yẹ kí a dákẹ́ sí i mọ́, pàápàá ní àsìkò tí èsì ìdánwò ilé-ìwé girama bá ń jáde, tí àwọn pátákó sì máa ń hù bí olú lẹ́bàá ọ̀nà láti Dọ̀pẹ̀mú títí dé Abúlé Ẹ̀gbá, tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n wá di nọ́ọ̀sì láàárín oṣù mẹ́fà, láàárín ọdún kan, ó pẹ́ tán láàárín ọdún kan ààbọ̀, iṣẹ́ sì ti ń dúró dè wọ́n. Ìdájọ́ wa ni pé ẹ̀tàn ni àwọn pátákó wọ̀nyí, pé àwọn tó ń gbé wọn kọ́ mọ̀ pé ẹ̀tàn ni, àti pé àwọn tí òfin ní kí wọ́n dá wọn dúró kò tíì ṣe tó.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan jáde nínú ọ̀pọ̀. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì ní Oko Ọba wá sí ọ́fíìsì wa láìpẹ́ yìí, ó mú ìwé kan tó fi ọ̀rá dì lọ́wọ́, ó ní kí a bá òun kà á. Ìwé náà dùn ún wò: bébà rẹ̀ nípọn, òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà wà ní igun rẹ̀, wọ́n ya àwòrán fìtílà sí òkè, orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wà láàárín ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. A wá nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ lórí rẹ̀ títí, a kò rí i. A wá orúkọ Ìgbìmọ̀, a kò rí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìfọwọ́sí ẹni tó ni ilé ìwòsàn náà, àti ọ̀rọ̀ kan pé ọmọ yìí "kópa" nínú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú aláìsàn. Owó àjọ ọdún méjì ni ìyá náà san. Nígbà tí ọmọ sì mú ìwé rẹ̀ lọ sí ibi ìtọ́jú òṣìṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì kan ní títì Ọba Akran, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: ìwé àṣẹ rẹ dà? Ìyá náà kò sunkún níwájú wa. Ó kàn ń ká ọ̀rá náà, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

Àwọn àgbà ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Nínú òfin ilẹ̀ wa, orúkọ tó wà nínú ìwé Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà ló ń sọ ènìyàn di nọ́ọ̀sì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sì sí níbẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó ti fi ogún ọdún gún abẹ́rẹ́. Ètò yìí ti pẹ́ lára wa. Láti 1930 ni ìjọba amúnisìn ti gbé ìgbìmọ̀ àwọn agbẹ̀bí kalẹ̀. Ní 1947 ni ti àwọn nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e. Òfin ológun nọ́ńbà 89 ti ọdún 1979 ló sì pa méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá lónìí. Ní 1952, nígbà tí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, èyí tí a ń pè ní UCH, kò tíì ní ilé tirẹ̀, Adéọ̀yọ́ ni ilé-ìwé nọ́ọ̀sì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ lórí ìlànà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò nílé wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú kéré sí ti ẹlòmíràn.

Ìtàn Olóògbé Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt yẹ ní rírántí fún gbogbo ẹni tó ń kánjú. Ọmọ Èkó ni, olùkọ́ ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ kó tó wọ ilé-ìwé Nightingale ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1946, tó sì fi sùúrù kọ́ iṣẹ́ náà títí ó fi yege. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ́ báyìí ló wá di mátírọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn nínú àwọn ọdún 1960, tó di ọ̀gá àgbà gbogbo nọ́ọ̀sì lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, tó sì di kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bí a bá rí ọmọ ọdún méjìdínlógún lónìí tí òbí rẹ̀ ń sọ pé ọdún mẹ́rin ti pọ̀ jù, pé ọjọ́ ń lọ, a máa ń fẹ́ bi òbí náà pé ta ni ń lé e.

Ìkẹjà àti Agége kì í ṣe ibi tí a lè fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Oko kòkó àti oko obì ni ilẹ̀ yìí nígbà kan, kí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tó gé ilẹ̀ Ìkẹjà fún àwọn oníléeṣẹ́ ẹ̀rọ, kí Ọba Akran, Ọgbà, Àgídìngbì àti Orégùn tó di ibi tí fèrè iṣẹ́ ti ń dún lóru àti lọ́sàn-án. Èkó àkéte, ilé ọgbọ́n, kó gbogbo ọmọ Oòduà àti ará òkè jọ síbẹ̀, wọ́n ń ṣe bíà, wọ́n ń ṣe ohun mímu, wọ́n ń po oògùn, wọ́n ń tẹ irin. Níbi tí irin bá ti ń yí, irin a máa jẹ ìka ènìyàn. Bí irin bá sì jẹ ìka, nọ́ọ̀sì ibi ìtọ́jú òṣìṣẹ́ ni ọwọ́ àkọ́kọ́ tó máa kàn án, kó tó di pé wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, èyí tí a ń pè ní LASUTH, tó bẹ̀rẹ̀ bí ilé ìwòsàn kékeré ní 1955, tó sì di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní 2001. Ìkẹjà yìí kan náà ni pápákọ̀ òfurufú wà, níbi tí àrùn Ẹ̀bólà ti gba ara arìnrìn-àjò kan wọ ìlú wa ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014. Nọ́ọ̀sì Justina Ejelonu sì wà lára àwọn tó kú nítorí pé wọ́n tọ́jú ẹni náà. Iṣẹ́ tó lè gba ẹ̀mí ẹni tó kọ́ ọ yanjú, báwo ni a ó ṣe fi lé ẹni tí wọn kò kọ́ lọ́wọ́?

Kí ni ó wá dé tí ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́fà fi ń rí ọjà tà? Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Àwọn nọ́ọ̀sì tó gba ìwé àṣẹ ń lọ sí ìlú ọba, Amẹ́ríkà, Kánádà àti ilẹ̀ Lárúbáwá. Àwọn tó kù, ilé ìwòsàn ìjọba ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, nítorí owó oṣù. Ilé ìwòsàn aládàáni tó wà ní ojúlé kan sí èkejì ní Agége sì rí i pé owó tí òun yóò fi san nọ́ọ̀sì kan tó forúkọ sílẹ̀ yóò tó ọmọbìnrin mẹ́ta tí ará àdúgbò ń pè ní auxiliary. Ọ̀gá náà wá rí ọgbọ́n kan tó tún dùn ju ìyẹn lọ: dípò kí òun máa san owó fún wọn, kí wọ́n máa san fún òun, kí ó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ aláìní ṣe ń san owó láti ṣiṣẹ́ òru fún ẹni tó lówó jù ú lọ. Ọjà yìí, àwa kò mọ orúkọ mìíràn tí a lè pè é ju ìrẹ́jẹ lọ.

A kò sọ èyí láti fi àwọn ọmọ náà ṣẹ̀sín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn, tí wọ́n ń nu ìgbẹ́ arúgbó, tí wọ́n ń bá aláboyún ṣe òru, owó tí kò tó ọkọ̀ ni wọ́n sì ń gbà. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni a sì ń wò báyìí, sí àwọn àgbà tó ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, tó mọ òfin, tó sì gbé ìwé àṣẹ tiwọn kọ́ ara ògiri, tí wọ́n wá ń fi ìwé aláwọ̀ wúrà tan ọmọ ọlọ́mọ. Lójú wa, àwọn ni ẹ̀bi yìí wúwo lé jù. Òbí kò mọ̀, ọmọ kò mọ̀, àwọn mọ̀.

Nítorí náà, òbí tó bá fẹ́ fi ọmọ sí ẹ̀kọ́ yìí, kí ó má jẹ́ pé owó ni ohun àkọ́kọ́ tí yóò béèrè nílé-ìwé. Kí ó béèrè bóyá Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí ilé-ìwé náà, kí ó má sì gba èsì rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù: àkọsílẹ̀ àwọn ilé-ìwé tó ní àṣẹ wà lójú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì Ìgbìmọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ní fóònù. Kí ó wò ó dáadáa bóyá ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́ gan-an ni àṣẹ náà wà fún, nítorí ilé-ìwé lè ní àṣẹ fún nọ́ọ̀sì kó má ní fún agbẹ̀bí. Kí ó tún béèrè bóyá àṣẹ pípé ni, tàbí ti ìgbà díẹ̀ tí wọ́n ń fún ilé-ìwé tí wọ́n ṣì ń wò lójú.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ jù ni ibi tí ọ̀pọ̀ òbí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Ìgbìmọ̀ a máa fi òté lé iye ọmọ tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́dún; ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ni wọ́n sì máa ń kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí Ìgbìmọ̀, kí ó lè gba nọ́ńbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní ìńdẹ́ẹ̀sì. Ọmọ tí kò bá ní ìńdẹ́ẹ̀sì, ẹ máa wò ó pé kò sí nílé-ìwé, bó ti wù kó máa lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ tó, nítorí ọjọ́ ìdánwò ìkẹyìn kò ní rí orúkọ rẹ̀. Bí ilé-ìwé kan bá ní àṣẹ àádọ́ta ọmọ tó sì gba ọgọ́rùn-ún nítorí owó, àádọ́ta ni yóò rí ìńdẹ́ẹ̀sì. Àwọn àádọ́ta yòókù yóò máa gbọ́ "ọdún tó ń bọ̀" títí ọdún yóò fi gorí ọdún. Irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ní àṣẹ o, orúkọ rẹ̀ wà lójú òpó Ìgbìmọ̀, ẹ̀gbin yìí sì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń rọ òbí pé kí wọ́n béèrè iye ọmọ tí àṣẹ gbà, kí wọ́n ka iye tó jókòó ní kíláàsì, kí wọ́n sì béèrè ìńdẹ́ẹ̀sì ọmọ wọn kí wọ́n tó san owó ọdún kejì.

Ohun tó kù láti wò kò pọ̀. Ilé ìwòsàn wo ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, ṣé ibi tí aláìsàn wà ni, àbí ibi tí ibùsùn mẹ́rin wà tí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bò? Mélòó nínú àwọn tó ṣe ìdánwò Ìgbìmọ̀ kẹ́yìn ló yege? Ilé-ìwé tó bá ń lọ́ ìdáhùn ìbéèrè yìí, kí a fi í sílẹ̀ lọ.

Ní ti ọ̀nà ìwọlé, kò sí àbùjá kankan níbẹ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní àmì kírẹ́díìtì márùn-ún nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Báyọ́lọ́jì. Ẹni tó bá ń lọ sí yunifásítì yóò ṣe ìdánwò JAMB, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì náà sì ti ń bọ́ sábẹ́ JAMB báyìí tí ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta àtijọ́ ti ń yí padà sí ND àti HND. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yunifásítì, bíi Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn LASU tó wà ní Ìkẹjà níhìn-ín, yóò lo ọdún márùn-ún, yóò sì tún ṣiṣẹ́ ọdún kan lábẹ́ àwọn àgbà kó tó lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì, bíi ti Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ìgàndó, kò kéré sí i lójú òfin bí ó bá yege, nítorí ìdánwò Ìgbìmọ̀ ni ẹnu ọ̀nà tí gbogbo wọn ń gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìforúkọsílẹ̀, lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ ni ìwé àṣẹ ìṣiṣẹ́, tí wọ́n ń tún gbà ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì bá ti lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Ìgbìmọ̀ là sílẹ̀. (Bí a ti ń sọ "ọmọbìnrin" láti òkè yìí wá, kí àwọn bàbá má rò pé ọmọkùnrin kò sí níbẹ̀, wọ́n wà ní wọ́ọ̀dù, aláìsàn tó wúwo sì mọ rírì wọn.)

Ẹni tó bá rò pé òkèèrè kò mọ̀ bí iṣẹ́ yìí bá jẹ́ ayédèrú, kí ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìjọba ti tú u fó ní oṣù Kínní ọdún 2023 pé ilé-ìwé mẹ́ta ti ta ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì tó lé ní 7,600 fún àwọn tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ tó yẹ. Nǹkan bí 2,400 nínú wọn yege ìdánwò ìwé àṣẹ, wọ́n sì ti wọ iṣẹ́ kí àṣírí tó tú. Láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì ni wọ́n ti ń wá wọn kiri. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn aláṣẹ nọ́ọ̀sì ní Bírítéènì kéde pé èsì ìdánwò orí kọ̀ǹpútà láti ilé ìdánwò kan ní Ìbàdàn ń kọ àwọn lóminú, wọ́n sì ní kí àwọn tó ṣe é níbẹ̀ wá tún un ṣe. Ẹni tó ṣe ìdánwò tirẹ̀ pẹ̀lú òótọ́ inú náà bá wọn jẹ nínú ìyà yẹn. Bí ojú bá ti ń wò wá báyìí láti òkèèrè, ilé-ìwé tí kò ní àṣẹ kò lè jẹ́ àkàsọ̀ ẹnikẹ́ni dé ìlú ọba.

Nígbà tí a bá sì ń sọ̀rọ̀ ìlú ọba, a kò ní ṣàì mẹ́nu kan ìkéde tí Ìgbìmọ̀ ṣe ní oṣù Kejì ọdún 2024, pé nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí ìwé rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ, ìkéde tó lé àwọn nọ́ọ̀sì jáde sí títì ní Àbújá àti ní Èkó. Ẹ̀rù tó ń ba Ìgbìmọ̀ yé wa, nítorí wọ́ọ̀dù ń ṣófo. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi okùn so mọ́ ibi iṣẹ́ kò ní tọ́jú aláìsàn dáadáa, ìyanṣẹ́lódì tí àwọn nọ́ọ̀sì gùn lé ní ìparí oṣù Keje ọdún 2025 sì fi hàn pé ẹ̀dùn ọkàn wọn lórí owó àti ìlò wọn kò tíì rọlẹ̀. Ohun tí ìjọba àpapọ̀ ṣe tí a fara mọ́ ni bí Mínísítà fún ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, ṣe kéde pé àwọn sún iye ọmọ tí àwọn ilé-ìwé ìlera lè gbà lọ́dún láti 28,000 sí 64,000. Àyè tó fẹ̀ ni yóò pa ọjà àwọn onípátákó. A kàn ń béèrè pé: àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ wọn ńkọ́?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ ni pé kí ó má ṣe fi àkọsílẹ̀ àwọn ilé-ìwé rẹ̀ mọ sí ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan, kí ó tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá àti àwọn èdè yòókù, pẹ̀lú iye ọmọ tí àṣẹ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan gbà, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìjọba ìbílẹ̀ Agége, Ìkẹjà àti Ifákọ̀-Ìjàyè, mọ́ ibùdókọ̀ ojú irin ní Agége, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, lọ́dọọdún kí àwọn ilé-ìwé tó ta fọ́ọ̀mù. Ilé-ìwé tó bá gba ọmọ ju iye rẹ̀ lọ, kí a mú un kó owó padà fún àwọn òbí délẹ̀délẹ̀, kí a sì dín iye tí yóò gbà lọ́dún tó tẹ̀ lé e kù.

Lọ́wọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ni a ti ń retí èyí tó pọ̀ jù. Àjọ HEFAMAA, tí òfin fún ní agbára láti wọ ilé ìwòsàn kó sì yẹ̀ ẹ́ wò, yẹ kí ó máa béèrè ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń béèrè ti dókítà, kí ó sì pàṣẹ pé kí ilé ìwòsàn kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ sí ara ògiri níbi tí aláìsàn ti lè kà á. Kí a ya aṣọ sọ́tọ̀: ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kí ó má wọ funfun, kí ó wọ àwọ̀ mìíràn, kí a pè é ní olùrànlọ́wọ́, kí a san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, kí ó má sì gún abẹ́rẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Òfin aṣọ yìí kò ní ná ìjọba ní owó púpọ̀, ìyá tó bá gbé ọmọ rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn ní òru yóò sì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Bí Ìpínlẹ̀ bá wá fi olùkọ́ àti ilé ìgbé kún ti Ìgàndó, tó sì mú kí ilé ìwòsàn gbogbogbò ti Òrílé Agége àti ti Ifákọ̀-Ìjàyè máa gba àwọn ọmọ fún ẹ̀kọ́ ọwọ́, ọmọ Agége kò ní ìdí láti wo pátákó ojú ọ̀nà mọ́.

Àwọn oníléeṣẹ́ ẹ̀rọ Ìkẹjà náà kò gbọ́dọ̀ jókòó máa wòran. Ẹgbẹ́ wọn, MAN, ní ilé ní Ìkẹjà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń wá nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ fún ibi ìtọ́jú òṣìṣẹ́ wọn. Bí kọ́ńpìnnì ńlá kọ̀ọ̀kan bá san owó ilé-ìwé ọmọ méjì láti àdúgbò tí èéfín rẹ̀ ń fẹ́ sí, pẹ̀lú àdéhùn pé wọn yóò fi ọdún mélòó kan ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí wọ́n bá yege, àǹfààní rẹ̀ yóò kárí. Èyí kò wọ́n ju owó tí wọ́n fi ń ya àwòrán ọjà tuntun sí ara afárá.

Ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì náà ti padà sí kíláàsì alẹ́ ní Agége báyìí. Físíìsì àti Kẹ́mísírì ló kù ú kù, ó sì ń gbèrò láti gba fọ́ọ̀mù JAMB lọ́dún tó ń bọ̀. A kò dárúkọ ilé ìwòsàn tó fún un ní ìwé aláwọ̀ wúrà, nítorí ìyá náà bẹ̀ wá pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ilé ìwòsàn náà mọ ara rẹ̀, owó àjọ ọdún méjì náà sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó dá a padà.